Ohun tójú mi rí lọ́nà Lalibela àti Aksum

Ọkọ̀ òfuurufú kan ṣoṣo ló ń gbé ènìyàn láti Àbújá dé Addis Ababa, kò sí pé à ń sọ̀ kalẹ̀ níbì kan wọ òmíràn. Ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí èmi àti àbúrò mi ọkùnrin mú Ẹtiópíà nígbà tí a pinnu pé ìsinmi Kérésì ọdún 2019 kò ní bá wa nílé. A fẹ́ gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, ká máa wọ bọ́ọ̀sì láti ìlú dé ìlú, ká sùn sí òtẹ́ẹ̀lì olówó pọ́ọ́kú, ká sì fojú ara wa rí àwọn tẹ́ḿpìlì àti ṣọ́ọ̀ṣì inú àpáta tí mo ti ń kà nípa wọn látìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ní Kubwa. Púpọ̀ nínú àwọn tí a jọ ń gbé Àbújá ló ń bi mí pé báwo la ṣe ṣe é. Mo ti fẹnu sọ ọ́ títí ó ti sú mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀, pàápàá àwọn ibi tó ti le.

Ẹ kọ́kọ́ dán ara yín wò nílé. Àwa wọ ọkọ̀ ojú irin ní Idu lọ sí Kaduna, nítorí ọ̀nà mọ́tò kò ṣe é fọkàn tán nígbà yẹn (ọdún 2022 kò tíì dé tí wọ́n kọlu ọkọ̀ ojú irin náà pẹ̀lú). Láti Kaduna a wọ mọ́tò dé Kano, báàgì wa lẹ́yìn. Ní Kofar Mata, níbi tí wọ́n ti ń rẹ aṣọ láró láti ọdún 1498, bàbá kan wà nídìí kòtò tirẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Mo na fóònù sí i. Kò wò mí. Ó ń ri aṣọ bọ inú aró, ó ń fà á yọ, ó ń nà án kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, ó tún ń rì í padà, títí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fi parí. Ìgbà yẹn ló tó gbójú sókè, ó ní kí la fẹ́. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rò pé inú mùsíọ́mù la wà ni." Mo fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ká ní mo gbé e sọ́kàn ni, owó tí mo fi ṣòfò ní Ẹtiópíà ìbá dín kù, ìjà tí mo bá àwọn ènìyàn jà níbẹ̀ náà ìbá dín kù.

Owó ni kí ẹ tètè tọ́jú. Ààlà wà nígbà yẹn lórí iye tí káàdì náírà lè ná lókè òkun, ààlà ọ̀hún sì kéré. Tèmi kò tilẹ̀ ṣiṣẹ́ rárá nínú ẹ̀rọ tí mo kọ́kọ́ kì í bọ̀ ní Addis. Nígbà tí mo pe báńkì mi, wọ́n ní ó yẹ kí n ti fi tó wọn létí kí n tó kúrò nílé. Dọ́là ọwọ́ wa ló kó wa yọ. Ọwọ́ àwọn àbókí Zone 4 la ti rà á, ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀kan nínú wọn tó fara balẹ̀ ṣà á fún mi ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tó ń yọ èyí tó ya létí àti èyí tí wọ́n fi bírò kọ nǹkan sí, tó ní wọn kò ní gbà á lọ́wọ́ mi níbi tí mò ń lọ. Àbúrò mi kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Ó ra tirẹ̀ níbòmíràn, òtẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ tí a wọ̀ sì dá ogún dọ́là rẹ̀ kan padà pé ó ti gbó jù.

Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ńkọ́? Ẹ gbà á, ó kéré tán, ọjọ́ 10 kí ẹ tó wọkọ̀, nítorí ó di ìgbà náà kí káàdì yẹ́lò tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ti físà kò nira fún wa. Láti Oṣù Kọkànlá ọdún 2018 ni wọ́n ti ní kí gbogbo ọmọ Áfíríkà máa gbà á ní pápákọ̀ òfuurufú. A tò lórí ìlà, a san owó, a kọjá. Ẹ ṣáà wádìí bóyá òfin náà ṣì wà bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Báàgì mi wúwo jù. Ìyá wa ti di gàrí, kúlíkúlí, èlùbọ́ àti ata gígún sí i, èmi náà sì kó bàtà mẹ́ta lé e. Addis Ababa ga ju mítà 2,300 lọ sókè òkun. Ọ̀pọ̀ ibi tí à ń gbé ní Àbújá kò tó mítà 600. Mi ò ro ìyẹn títí mo fi gun àtẹ̀gùn òtẹ́ẹ̀lì dé àjà kejì tí àyà mi ń já, tí etí mi ń hó, tí mo jókòó sórí àtẹ̀gùn tí mo ń pe Jésù. Mo rò pé àìsàn ọkàn ni. Ẹni tó ń tọ́jú yàrá gba báàgì lẹ́yìn mi, ó fún mi lómi, ó fọwọ́ júwe pé kí n máa mí díẹ̀díẹ̀. Gíga ìlú náà ló fà á, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́. Oògùn rẹ̀ kò ju kí ẹ sinmi fún ọjọ́ bíi méjì, ẹ mu omi dáadáa, ẹ má sáré, ẹ má mu ọtí. Ní ọjọ́ kejì mo fi èlùbọ́ àti bàtà méjì ta ẹni tó ń tọ́jú yàrá náà lọ́rẹ. Ó gba bàtà. Èlùbọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wò mí lójú, ó tún gbóòórùn rẹ̀. Gàrí ni mi ò fi tọrẹ, mo sì dúpẹ́ lẹ́yìn náà pé mi ò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí ọ̀rọ̀ agogo.

A lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Dessie, ìlú tí a ó ti sùn kí a tó dé Lalibela. Ọmọbìnrin tó tà á fún wa kọ 11 sí i, ó fìka tọ́ka sí i, ó ní òwúrọ̀ ni. Inú wa dùn. A ó sùn tẹ́rùn, a ó jẹun, a ó tún wẹ̀. Mo rí i pé ọdún tí wọ́n kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ 2012, mo sì fi ṣe ẹ̀rín pé ẹ̀rọ wọn ti bàjẹ́. Nígbà tí a dé ibùdókọ̀ lọ́jọ́ kejì, agogo mẹ́wàá kọjá díẹ̀, oòrùn ti mú, ọkùnrin kan ń gba eruku ilẹ̀, kò sí bọ́ọ̀sì kankan. Ọkọ̀ wa ti lọ ní agogo márùn-ún ìdájí.

Ní Ẹtiópíà, ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ ni kíka wákàtí ń bẹ̀rẹ̀. Agogo méje àárọ̀ tiwa ni agogo kan tiwọn. Agogo méjìlá ọ̀sán tiwa ni agogo mẹ́fà tiwọn. Nígbà tí ilẹ̀ bá tún ṣú, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀kan padà, tó fi jẹ́ pé mọ́kànlá tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì wa ni márùn-ún ìdájí tiwa. Kàlẹ́ńdà wọn náà kò bá tiwa mu. Oṣù 13 ló wà nínú ọdún wọn. Méjìlá ní ọgbọọgbọ̀n ọjọ́, ìkẹtàlá ní márùn-ún tàbí mẹ́fà péré. Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ń ṣe ọdún tuntun, ọdún tí wọ́n ń kà sì fi méje tàbí mẹ́jọ wà lẹ́yìn tiwa. Ọdún 2012 ni wọ́n wà lóòótọ́. Kò sí àṣìṣe kankan lára tíkẹ́ẹ̀tì náà.

Nígbà tí ara mi balẹ̀ tí mo rò ó, mo rí i pé tiwọn bá làákàyè mu ju tiwa lọ. Àwọn bàbá wa náà, ojúmọ́ ni wọ́n ń tẹ̀lé: ìdájí, òwúrọ̀, ìyálẹ̀ta, ọ̀sán gangan, ìrọ̀lẹ́. Ta ni nínú wọn ni ì bá gbà pé ọjọ́ tuntun ń bẹ̀rẹ̀ láàárín òru, nígbà tí olúkúlùkù ń hanrun?

Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mi ò ro nǹkan kan. Mo pariwo. Mo ní wọ́n lù wá ní jìbìtì, mo ní kí wọ́n dá owó wa padà, mo ní ṣé nítorí wọ́n rí i pé àlejò ni wá ni. Ọmọbìnrin náà ń wò mí, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Àbúrò mi fà mí láṣọ, ó rọra ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, Yorùbá lẹ̀ ń sọ sí i." Òótọ́ ni. Mi ò mọ ìgbà tí mo bọ́ sínú rẹ̀. Ìyá kan tó ń se kọfí nítòsí ló fọwọ́ pè wá pé ká wá jókòó. Ó yan èso kọfí nínú agbada kékeré lójú wa, ó gbé èéfín rẹ̀ wá síwájú imú wa, ó gún un, ó sè é, ó sì bù ú fún wa lẹ́ẹ̀mẹta, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, ìkẹta ni wọ́n kà sí ti ìbùkún. Owó tíkẹ́ẹ̀tì kò padà.

Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá dá àkókò fún yín, ẹ bi í bóyá ti Habesha (àwọn ará Ẹtiópíà) ni tàbí ti ferenji (àwọn àlejò), ẹ sì kọ méjèèjì sílẹ̀ lójú rẹ̀. Ti ọkọ̀ òfuurufú nìkan ni ẹ lè fi ọkàn sí pé bíi tiwa ni.

Bọ́ọ̀sì tí a padà wọ̀ kò rìn lóru, ìdí nìyẹn tí a fi sùn ní Dessie. Òtútù ìdájí Addis lóṣù Kejìlá ń gún eegun. Ẹ má fi ọyẹ́ Àbújá wé e. Nígbà tí oòrùn wá mú, kò sẹ́ni tó gbà kí wọ́n ṣí fèrèsé. Mo ṣí tèmi díẹ̀, ìyá tó wà lẹ́yìn mi na ọwọ́ kọjá èjìká mi, ó tì í. Mo tún ṣí i, ó tún tì í. Wọ́n gbà pé afẹ́fẹ́ tó ń gba fèrèsé wọlé ló ń fa àìsàn. Ọ̀nà náà lọ́ lára òkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gùn, ọmọ kékeré kan bì sí ẹsẹ̀ àbúrò mi. Ẹ jókòó sí iwájú, ẹ mú ọsàn dání, ẹ sì fi ọ̀rá kan sápò.

Ilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú nígbà tí a dé Lalibela lọ́jọ́ kejì, a kò rí ṣọ́ọ̀ṣì kankan. Bó ṣe yẹ kó rí ni. Ẹ̀yin fúnra yín á kàn dé etí kòtò ni, ẹ ó sì rí i pé òrùlé ló wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ yín. Wọn kò to òkúta lé òkúta. Orí àpáta ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbẹ́ ẹ lọ sísàlẹ̀, wọ́n wá gbẹ́ inú rẹ̀ jáde, pẹ̀lú òpó, fèrèsé àti pẹpẹ. Ṣọ́ọ̀ṣì 11 ni. Wọ́n ní Ọba Lalibela ti ìdílé Zagwe ló gbẹ́ wọn ní nǹkan bí ìparí ọ̀rúndún kejìlá sí ìbẹ̀rẹ̀ ìkẹtàlá. Àwọn ará ibẹ̀ á sọ fún yín pé àwọn áńgẹ́lì ló ń bá a ṣe é lóru. Láti 1978 ni UNESCO ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Bet Giyorgis, tó dá dúró ní tirẹ̀, tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ àgbélébùú, jìn ju mítà 10 lọ láti òkè délẹ̀. Mo dúró létí rẹ̀, mo rántí gbogbo ọmọ tí mo ti fún ní ìdánwò lórí Áfíríkà àtijọ́ láìrí nǹkan kan nínú rẹ̀ rí, ojú tì mí díẹ̀.

Dọ́là 50 ni ẹni tó ti òkè òkun wá ń san nígbà yẹn, ọmọ Áfíríkà ni, Òyìnbó ni. A bẹ̀bẹ̀, wọn kò gbọ́.

Ẹ má wọ bàtà olókùn lọ. Ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ni ẹ ó ti bọ́ ọ, ṣọ́ọ̀ṣì sì pọ̀. Lẹ́yìn ìkẹta mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ bàtà mi ní gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹnì kan máa ń wà tí yóò bá yín ṣọ́ bàtà, ẹ fún un ní nǹkan díẹ̀ ní ìparí. Ìbọ̀sẹ̀ ńkọ́, ẹ wọ èyí tó gùn, kí ẹ sì kó etí ṣòkòtò sínú rẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí wọ́n tẹ́ sórí àpáta nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn kún fún eégbọn. Mi ò mọ̀. Lóru mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹsẹ̀ mi, mo rí i bí wọ́n ṣe tò ó yí ọrùn ẹsẹ̀ mi ká, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ẹni to ìlẹ̀kẹ̀. Mo họ ọ́ títí ó fi dégbò. Àwọn tó mọ̀nà máa ń bu àtíkè apakòkòrò sínú ìbọ̀sẹ̀ kí wọ́n tó jáde nílé.

Ààwẹ̀ tún wà ńbẹ̀. Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì ni àwọn onígbàgbọ́ Orthodox ń gbà á lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, àfi ní àádọ́ta ọjọ́ tó tẹ̀lé Ọdún Àjíǹde. Láti ìparí Oṣù Kọkànlá títí di ọjọ́ kẹfà Oṣù Kìíní sì ni ààwẹ̀ ńlá tó ṣáájú Kérésì tiwọn, tí wọ́n ń pè ní Genna, tó ń bọ́ sí 7 Oṣù Kìíní. Ìsinmi wa bọ́ sí àárín rẹ̀ gan-an. Kò sí ẹran, kò sí ẹyin, kò sí wàrà, kò sí bọ́tà. Injera ni, tí wọ́n fi ọkà wẹ́wẹ́ tó ń jẹ́ tẹ́ẹ̀fù ṣe, tó kan létí ahọ́n, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀wà lóríṣiríṣi lórí rẹ̀. Èmi fẹ́ràn rẹ̀. Àbúrò mi fara dà á títí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lálàá ṣàkì. A rí ilé oúnjẹ Mùsùlùmí kan tí wọ́n ti ń ta ẹran, ó fẹ́ kí afinimọ̀nà wa bá wa jẹ níbẹ̀, ọkùnrin náà kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun kì í jẹ ẹran tí Mùsùlùmí bá dúńbú, àwọn Mùsùlùmí náà kì í jẹ tàwọn, ààwẹ̀ wà níbẹ̀ tàbí kò sí. A wo ara wa. Nínú ilé wa, ẹ̀gbọ́n bàbá wa Alhaji ló ń dúńbú àgbò Iléyá, ìyá wa tó jẹ́ dikẹ́nẹ́ẹ̀sì ló ń dín in.

Ọjọ́ tí inú àbúrò mi dà rú, gàrí ni mo pò fún un, pẹ̀lú omi oníyọ̀ àti ṣúgà. Ẹ gbé ìyẹn dání. Ẹ má jẹ ewébẹ̀ tútù, ẹ má mu omi ẹ̀rọ.

Ohun tí mò ń sọ bọ̀ látòkè ni pé ibẹ̀ kì í ṣe ahoro. Agogo tiwọn, oúnjẹ tiwọn, ọjọ́ tiwọn, ìsìn yẹn ló ń darí gbogbo rẹ̀, àlejò ló gbọ́dọ̀ tò tẹ̀lé e. Wọ́n ń ti ilẹ̀kùn lọ́sàn-án. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ rí i dáadáa, ìdájí ni kí ẹ lọ. Mo wọ Bet Maryam kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Àbẹ́là ń jó, àwọn àlùfáà fara ti ọ̀pá wọn, ìlù ń dún lábẹ́lẹ̀, aṣọ funfun ló kún ibẹ̀ bámúbámú. Mo yọ fóònù, iná rẹ̀ kọ mànà lára ògiri. Ìyá arúgbó kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kò bínú, kò sọ̀rọ̀. Ó kàn gbé àtẹ́lẹwọ́ lé fóònù náà, ó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ sí àyà mi, ó sì fi ọwọ́ náà síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Èmi ni mo bínú. Mo ti san dọ́là 50! Nígbà tí a jáde, afinimọ̀nà sọ fún mi pé ẹsẹ̀ ni ìyá yẹn fi rìn wá láti abúlé rẹ̀, ó ti pẹ́ lọ́nà, yóò sì dúró títí di Genna. Láti ìgbà yẹn mo ń fi fóònù sílẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì bí a bá ń lọ ní ìdájí. Mo tún ra netela, aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń dà borí. Ìyàtọ̀ tó mú wá ya mí lẹ́nu. Wọ́n ń sún fún mi kí n rí àyè dúró.

Afinimọ̀nà, ẹ mú èyí tó ní ìwé àṣẹ. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn ọmọ tó bá ń sin yín lẹ́yìn. Ọ̀kan tẹ̀ lé wa jálẹ̀ ọ̀sán, ó mọ Okocha, ó mọ Kanu, kò tọrọ owó. Ìwé atúmọ̀ èdè ló fẹ́, torí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Èmi tíṣà! Mo yára wọ ṣọ́ọ̀bù tó júwe, mo rà á ní owó gọbọi. Kò pẹ́ sí i tí àbúrò mi gba ibẹ̀ kọjá, ìwé náà ti padà sórí pẹpẹ, ọmọ náà àti olówó ṣọ́ọ̀bù ti pín owó. Bó bá wù yín láti ran ọmọ ilé ìwé lọ́wọ́, ẹ bi afinimọ̀nà yín ní ilé ìwé gan-an, kí ẹ gbé e lọ fún ọ̀gá ibẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì Asheton Maryam wà lórí òkè tó ga ju Lalibela lọ, ó lé ní mítà 3,000. Àbúrò mi fẹsẹ̀ gùn ún. Èmi gun ìbaaka, mi ò sì tijú.

Láti Lalibela a wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Aksum. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: Ethiopian Airlines máa ń dín owó ọkọ̀ abẹ́lé kù gan-an fún ẹni tó bá bá wọn wọ̀lú láti òkè òkun. Ẹ fi nọ́ḿbà tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi ti Àbújá wá hàn wọ́n nígbà tí ẹ bá ń rà á. Mo mọ àwọn tó san iye gidi nítorí pé wọn kò béèrè.

Ní Aksum, òpó òkúta ńláńlá ló dúró lójú gbangba. Ọ̀kan nínú wọn, tó ga ní mítà 24, ni àwọn ọmọ ogun Ítálì kó lọ sí Róòmù ní 1937; 2005 ni wọ́n tó dá a padà, 2008 ni wọ́n tó tún un nà ró. Èyí tó tóbi jù lọ, mítà 33, ti wó látijọ́, ó sùn sílẹ̀ ní wẹ́wẹ́. Mo rò pé ibẹ̀ ni màá ti gbádùn ara mi jù. Àmọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Maryam Tsion àtijọ́ wà níwájú rẹ̀, níbi tí wọ́n sọ pé Àpótí Májẹ̀mú wà nínú ilé kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí mọ́ńkì kan ṣoṣo ń ṣọ́. Obìnrin kì í wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ yẹn. Àbúrò mi wọlé. Èmi tí mo ka ìwé, tí mo kó owó jọ, tí mo mú un wá, mo jókòó síta.

Ó jáde, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má dá wọn lóhùn, àwòrán lásán ló wà níbẹ̀." Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Ọmọ tó ń ya àwòrán láti kékeré, ojú rẹ̀ ń tàn yanran. Mi ò ní sọ pé mo gba ti wọn. Lóòótọ́, a ti ti èmi náà mọ́lé rí nígbà tí Orò ń jáde nílé wa, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀. Àlàyé yẹn kò dùn mọ́ mi nínú nílé, kò dùn mọ́ mi nínú ní Aksum. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ fẹ́ lọ, ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní Lalibela, wọn kì í jẹ́ ká wọ Bet Golgotha. Nínú àwọn ilé mọ́ńkì tó wà ní adágún Tana, Kebran Gabriel wà fún ọkùnrin nìkan, Ura Kidane Mehret sì ṣí fún gbogbo wa. Ní Aksum, ṣọ́ọ̀ṣì tuntun tí Haile Selassie kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́ kì í yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì a háyà mọ́tò lọ sí Yeha. Ọ̀nà náà gba Adwa, níbi tí Menelik, ọba Ẹtiópíà, ti ṣẹ́gun àwọn ará Ítálì ní 1896. Tẹ́ḿpìlì Yeha ti wà láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rìnlá ọdún ó dín ọgọ́rùn-ún sẹ́yìn, kí Jésù tó wáyé rárá. Òrìṣà kan tí wọ́n ń pè ní Almaqah ni wọ́n kọ́ ọ fún. Kò ní òrùlé mọ́. Àwọn ògiri rẹ̀ ṣì dúró gbagidi, òkúta tí wọ́n gé dọ́gba, tí wọ́n tò láìfi amọ̀ lẹ̀ wọ́n. Mo gbìyànjú láti ki èékánná bọ àárín méjì nínú wọn, kò wọlé. Kò sí ẹni tó ní kí n bọ́ bàtà, kò sí ẹni tó ní obìnrin ni mí. Àwa nìkan la wà níbẹ̀, àti ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Àbúrò mi jókòó ti ògiri, ó ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé títí oòrùn fi lé e.

Nǹkan ti yí padà láti ìgbà náà. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Tigray, níbi tí Aksum àti Yeha wà, ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2020, ó sì jà títí wọ́n fi tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní Pretoria ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2022. Ní 2023, ìjà mìíràn bẹ̀rẹ̀ ní Amhara, tí Lalibela wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà bọ́ọ̀sì tí mo júwe lókè yìí, mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó gbà á báyìí láìwádìí. Bí ẹ bá fẹ́ rí Lalibela, ọkọ̀ òfuurufú láti Addis ló dára jù, kí ẹ sì bá ẹni tó ń gbé ibẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ tí ẹ fẹ́ lọ gan-an, kì í ṣe oṣù tó kọjá. Afinimọ̀nà wa ṣì ń fèsì lórí WhatsApp, òun ni mo máa ń bi. Iye owó tí ẹ bá rí níbikíbi ní birr (owó Ẹtiópíà) látijọ́, ẹ má gbára lé e, torí láti Oṣù Keje ọdún 2024 tí ìjọba wọn ti fi birr sílẹ̀ fún ọjà ló ti já wálẹ̀ gidi.

Fún àwọn tó fẹ́ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Genna: ẹ gba yàrá ní oṣù bíi mélòó kan ṣáájú, nítorí àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn wá láti abúlé á kún ìlú náà, owó òtẹ́ẹ̀lì á sì ga ju ti ìgbàkígbà lọ. Tíṣà ò lè bá yín lọ. Àwọn ilé ìwé Àbújá máa ń wọlé ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an.